Agbára ológun kọ́ ló ń mú orílẹ̀-èdè dàgbà

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ti di àgbọ́túngbọ́ lẹ́nu àwọn olóṣèlú àti nínú àríyànjiyàn aráàlú: kí ìjọba kọ́kọ́ da owó sọ́dọ̀ ológun, kí ààbò dé, ìdàgbàsókè yóò sì tẹ̀lé e. Ó dùn ún gbọ́ létí, nítorí òótọ́ wà nínú rẹ̀ díẹ̀. Àgbẹ̀ tí wọ́n lé kúrò lóko kò lè kórè, oníṣòwò tí wọ́n ń dá lọ́nà kò sì lè tajà. Ṣùgbọ́n ibi tí òótọ́ yẹn mọ jìnnà sí ibi tí àwọn èèyàn gbé e dé. Àárín ibẹ̀ gan-an ni owó ìlú àti ẹ̀mí èèyàn ti ń ṣòfò.

Àwọn onímọ̀ kan ti wà lẹ́yìn ìgbàgbọ́ yìí rí. Lọ́dún 1973, onímọ̀ ọrọ̀-ajé kan tó ń jẹ́ Emile Benoit gbé ìwádìí jáde lórí orílẹ̀-èdè 44 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè àgbà, láti ọdún 1950 sí 1965. Ó rí i pé àwọn tó ń náwó sí ológun jù ni ọrọ̀-ajé wọn ń yára dàgbà jù. Ọ̀pọ̀ èèyàn gba èyí bí ẹ̀rí tí kò ṣeé já ní koro. Nígbà tí àwọn mìíràn tún un yẹ̀ wò, wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn orílẹ̀-èdè yẹn ń gba ìrànwọ́ owó rẹpẹtẹ láti òkè òkun lásìkò kan náà. Owó ìrànwọ́ ló ń ti ọrọ̀-ajé wọn síwájú, òun náà ló sì ń jẹ́ kí wọ́n rówó ra ìbọn. Lọ́dún 1983, Saadet Deger àti Ron Smith fi owó tí orílẹ̀-èdè ń fi pamọ́ àti èyí tó ń fi dókòwò kún ìṣirò náà, èsì sì yí padà: bí owó ológun ṣe ń pọ̀ sí i ni èyí tó yẹ kó kọ́ ilé-iṣẹ́ àti ọ̀nà ń dín kù, àdánù rẹ̀ sì ju èrè rẹ̀ lọ.

Ẹ wo àwọn tó gba ọ̀nà mìíràn. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá ọdún 1948, lẹ́yìn ogun abẹ́lé, José Figueres tó ń darí ìjọba Costa Rica, orílẹ̀-èdè kékeré kan ní àárín gbùngbùn ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tú ẹgbẹ́ ọmọ ogun ilẹ̀ náà ká. Òfin ilẹ̀ tí wọ́n ṣe lọ́dún 1949 fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní abala kejìlá. Ilé ìwé àti ìlera ni wọ́n gbájú mọ́. Lónìí, iye ọdún tí èèyàn ń lò láyé níbẹ̀ wà ní nǹkan bí 80, orílẹ̀-èdè náà sì di ọmọ OECD, ẹgbẹ́ tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ọlọ́rọ̀ wà nínú rẹ̀, lọ́dún 2021. Botswana gba òmìnira lọ́dún 1966, kò sì dá ẹgbẹ́ ọmọ ogun sílẹ̀ títí di 1977. Fún ọdún 11, ọlọ́pàá ló ń ṣọ́ ilẹ̀. Láàárín ọdún wọ̀nyẹn ni wọ́n rí dáyámọ́ńdì tí ọrọ̀-ajé wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í dìde. Nígbà tí wọ́n wá dá ológun sílẹ̀, ìdí pàtó kan ló fà á: àwọn ọmọ ogun Rhodesia (Zimbabwe òde òní) ń ré ààlà wọlé. Mauritius náà kò ní ẹgbẹ́ ọmọ ogun láti ìgbà òmìnira rẹ̀ lọ́dún 1968. Abẹ́ ọlọ́pàá ni ikọ̀ rẹ̀ tó ń ṣe iṣẹ́ bíi ti ológun wà.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì wá gbọ́ o. A kò sọ pé kí gbogbo orílẹ̀-èdè tú ológun wọn ká. Costa Rica wà lábẹ́ àdéhùn ààbò tí àwọn orílẹ̀-èdè Àríwá àti Gúúsù Amẹ́ríkà jọ fọwọ́ sí lọ́dún 1947. Nígbà tí àwọn agbébọn wọlé láti Nicaragua lọ́dún 1955, àwọn orílẹ̀-èdè yòókù gbèjà rẹ̀. Japan náà tó fi nǹkan bí ìdá kan péré nínú 100 ọrọ̀ rẹ̀ ọdọọdún ṣe ìnáwó ológun fún ọ̀pọ̀ ọdún, àdéhùn pẹ̀lú Amẹ́ríkà ló fi ṣe ọgbà. Ọgbà dára. Ẹni tó bá fi gbogbo owó ilé rẹ̀ mọ ọgbà ni kò ní rí ohun tí yóò gbìn sínú rẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn á dárúkọ Gúúsù Kòríà, tó ní ológun tó lágbára tó sì là. Àríwá Kòríà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èdè kan náà, ìtàn kan náà. Ọmọ ogun Àríwá lé ní mílíọ̀nù kan, ìpín tó ń kó fún ológun nínú ọrọ̀ rẹ̀ sì ju ti Gúúsù lọ fíìfíì. Bó bá jẹ́ pé ológun ló ń fa ìdàgbàsókè, Àríwá ni ì bá ṣáájú. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni ọjà títà sókè òkun, ilé ìwé àti owó ìdókòwò.

Inú ìnáwó fúnra rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti le jù. Owó ológun pín sí ọ̀nà mẹ́rin: owó oṣù àti owó ìfẹ̀yìntì; rírà ohun ìjà àti ọkọ̀; epo, ọta, àtúnṣe àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́; àti ilé kíkọ́. Owó oṣù ló sábà máa ń gbé èyí tó pọ̀ jù. Nítorí èyí ni NATO, ẹgbẹ́ ààbò tí Amẹ́ríkà àti àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù jọ wà, ṣe ní kí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan rí i pé ó kéré tán, ìdá 20 nínú 100 owó ológun rẹ̀ lọ sí ohun èlò ńlá. Ṣùgbọ́n rírà nìkan kọ́ ni ìnáwó. Iléeṣẹ́ tó ń yẹ ìnáwó ìjọba Amẹ́ríkà wò ṣírò rẹ̀ pé nínú gbogbo owó tí ohun ìjà ńlá yóò jẹ láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á títí dọjọ́ tí wọ́n máa jù ú nù, nǹkan bí ìdá 70 nínú 100 ni yóò lọ sórí lílò àti àtúnṣe. Orílẹ̀-èdè tó bá kó gbogbo owó rẹ̀ fún rírà ọkọ̀ òfurufú, tí kò ya ti páàtì, epo àti mẹkáníìkì sọ́tọ̀, yóò rí i kí ó tó pẹ́ pé àwọn ọkọ̀ náà ti jókòó sílẹ̀. Owó òkè òkun ni wọ́n fi ń ra páàtì, nítorí náà bí iye owó orílẹ̀-èdè náà bá já wálẹ̀, àtúnṣe ló máa kọ́kọ́ dúró.

Afganísítánì jẹ́ kí gbogbo ayé rí i. Amẹ́ríkà ná ohun tó lé ní bílíọ̀nù 80 dọ́là láti kọ́ ológun àti ọlọ́pàá ilẹ̀ náà láàárín nǹkan bí ogún ọdún. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ òkè òkun tó ń tún ọkọ̀ òfurufú wọn ṣe lọ lọ́dún 2021, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ náà kò lè gbéra mọ́. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ ọdún yẹn, Kábúlù, olú-ìlú rẹ̀, bọ́ sọ́wọ́ Taliban, àwọn ọlọ̀tẹ̀ tí ológun náà ń bá jà.

Àrùn kejì ni ti ayédèrú ọmọ ogun. Mosul, ìlú ńlá ní Ìráàkì, ṣubú sọ́wọ́ ẹgbẹ́ agbésùnmọ̀mí ISIS lóṣù Kẹfà ọdún 2014. Ní ìparí oṣù Kọkànlá, olórí ìjọba, Haider al-Abadi, kéde pé wọ́n rí orúkọ 50,000 nínú ìwé owó oṣù tí kò sí èèyàn lẹ́yìn wọn lójú iṣẹ́. Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ kò ṣòro láti lóye. Ọ̀gá ikọ̀ ló ń gba owó oṣù gbogbo wọn pọ̀, òun náà ló sì ń pín in. Ọmọ ogun kan jókòó sílé, ó fi ìdajì owó oṣù rẹ̀ sílẹ̀ fún ọ̀gá. Òmíràn ti kú tàbí ti sá lọ, orúkọ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Àtúnṣe rẹ̀ náà kò fara sin: kí owó lọ tààrà sí àpò báǹkì ọmọ ogun kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n fi ìka ọwọ́ dá a mọ̀, kí ẹni tí kò sí lábẹ́ ọ̀gá náà sì máa kà wọ́n lójú iṣẹ́.

Ká tilẹ̀ ní owó pé, tí kò sì sí olè. Ìlànà tí iléeṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà gbé jáde lọ́dún 2006 sọ pé láti mú agbègbè tí ọ̀tẹ̀ wà rọlẹ̀, ẹ̀ṣọ́ 20 sí 25 ni a nílò fún olùgbé 1,000. Agbègbè tó ní èèyàn 500,000 á nílò 10,000, ó kéré tán. Ọmọ ogun kì í sì í dúró lójú ogun títí láé. Bí ìkan bá wà níbẹ̀, ìkejì ń sinmi, ìkẹta ń gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́. 10,000 ti di 30,000 nìyẹn, fún agbègbè kan ṣoṣo. Ọlọ́pàá tí wọ́n gbà láàárín àwọn ará agbègbè náà, tó mọ ojú, tó mọ èdè, tó ń sùn sílé rẹ̀, ló lè mú kí iye yìí ṣeé rí.

Ìwádìí tí RAND, iléeṣẹ́ ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà, gbé jáde lọ́dún 2008 tọ ipasẹ̀ ẹgbẹ́ agbésùnmọ̀mí 648 láti 1968 sí 2006. Nínú àwọn tó kásẹ̀ nílẹ̀, ìdá 43 nínú 100 wọ inú òṣèlú, ìdá 40 ni ọlọ́pàá àti àwọn aṣèwádìí abẹ́nú tú ká, ìdá 10 rí ohun tí wọ́n ń jà fún gbà, ìdá 7 péré ni agbára ológun ṣẹ́gun. Ìyàtọ̀ yìí kò gbọdọ̀ yà wá lẹ́nu. Bọ́ǹbù kò lè dá ẹni tó fi oúnjẹ bọ́ agbébọn mọ̀ yàtọ̀ sí ẹni tí wọ́n fipá gba oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwádìí tí UNDP, ẹ̀ka ìdàgbàsókè Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ṣe nílẹ̀ Áfíríkà, tó jáde lọ́dún 2017, bá àwọn tó fẹsẹ̀ ara wọn wọ ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀. Ìdá 71 nínú 100 sọ pé ohun tí ìjọba ṣe, bíi pípa ẹbí tàbí ọ̀rẹ́ wọn, tàbí mímú wọn, ló tì wọ́n wọlé níkẹyìn. Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani.

Ti àwọn tó ní kí ológun kúkú gba ìjọba kí ààbò lè dé kò tilẹ̀ yẹ kó gba àyè púpọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ológun gba ìjọba ní Burkina Faso lọ́dún 2022, lóṣù Kìíní àti lóṣù Kẹsàn-án, àìsí ààbò sì ni àwíjàre wọn ní ẹ̀ẹ̀mejèèjì. Lọ́dún 2024 àti 2025, òun ló wà lókè pátápátá nínú àtòjọ àwọn orílẹ̀-èdè tí ìkọlù agbésùnmọ̀mí ń bá fínra jù lágbàáyé.

Àwọn kan á ní ológun ló bí íntánẹ́ẹ̀tì. Òótọ́ ni pé iléeṣẹ́ ààbò Amẹ́ríkà ló sanwó ARPANET, ìsokọ́ra kọ̀ǹpútà tí íntánẹ́ẹ̀tì ti jáde, tí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ gba orí rẹ̀ kọjá ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹwàá ọdún 1969. Láti yunifásítì kan ní Los Angeles sí ilé ìwádìí ní Stanford ni ọ̀rọ̀ náà sì lọ. Owó ìwádìí tó wọ yunifásítì ló so èso yẹn. Orílẹ̀-èdè tó ń ra ìbọn àti ọkọ̀ ogun lọ́wọ́ ẹlòmíì, ilé ìwádìí ẹlòmíì ló ń bọ́.

Iṣẹ́ wo wá ni ti ológun? Láti ṣọ́ ààlà, àti láti lé agbébọn kúrò níbi tí ọlọ́pàá kò ti lè wọ̀. Lẹ́yìn lílé ni ibi tí nǹkan ti máa ń bàjẹ́. Àwọn ológun á gba ìlú, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á sì lọ gba òmíràn. Kò sí ọlọ́pàá tó rọ́pò wọn, agbébọn á padà lóru, ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n sì máa pa ni ẹni tó fi ọ̀nà han ológun. Nígbà kejì tí ológun bá dé, kò sẹ́ni tó máa la ẹnu. Nítorí náà, kí ológun tó kúrò, ọlọ́pàá gbọ́dọ̀ ti wà níbẹ̀ tọ̀sán-tòru. Adájọ́ gbọ́dọ̀ ti ń jókòó, pàápàá lórí ẹjọ́ ilẹ̀, torí ẹni tó padà dé tó bá ẹlòmíì lórí oko rẹ̀ á wá ẹni tó ní ìbọn kún ara rẹ̀ bí kò bá rí ilé ẹjọ́. Ọjà gbọ́dọ̀ ti ṣí, kí ẹnikẹ́ni má sì máa gba owó lójú ọ̀nà, ìbáà jẹ́ ẹni tó wọ aṣọ ìjọba.

Nígbà tí wọ́n bá tún kéde pé owó ológun ti lé sí i, ẹ bèèrè iye tó jẹ́ owó oṣù nínú rẹ̀ àti iye tó wà fún àtúnṣe. Ẹ bèèrè ẹni tó ka àwọn ọmọ ogun kẹ́yìn, àti bóyá abẹ́ ọ̀gá wọn ló wà. Bí wọ́n bá sì ní àwọn ti gba ìlú kan padà, ẹ bèèrè ọjọ́ tí adájọ́ jókòó níbẹ̀ gbẹ̀yìn.