Kúẹ́rì ló yẹ ká tún ṣe ni, àbí tábìlì?

Ọmọ Aláketu: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àgbàdo ni ẹgbẹ́ wa ń rà ní Kétu. Ọjà kọ̀ọ̀kan ń fi fáìlì tirẹ̀ ránṣẹ́, mo sì ń kó wọn sínú dátábéèsì PostgreSQL bí wọ́n ṣe dé. Fún iye owó kílò kan, Pọbẹ̀ kọ "prix_kg", Àjàṣẹ́ kọ "Prix Kilo". Mo fẹ́ kí akọ̀wé fúnra rẹ̀ yan kọ́lọ́ọ̀mù, ni mo bá fi $1, àmì tó ń di àyè mú fún iye, sí ibi tí orúkọ náà yóò wà nínú kúẹ́rì, ìbéèrè tí mò ń fi ránṣẹ́ sí dátábéèsì. "prix_kg" ló ń jáde ní gbogbo ìlà, kò sí iye owó kankan!

Àdùkẹ́ Àjàṣẹ́: Kò lè ṣe é, àbúrò. Dátábéèsì ní láti mọ tábìlì àti kọ́lọ́ọ̀mù kó tó ṣètò iṣẹ́. Ohun tó bá gba inú $1 wọlé, ọ̀rọ̀ lásán ló kà á sí.

Bóyè Ṣábẹ̀ẹ́: So orúkọ náà mọ́ kúẹ́rì, ó parí! Akọ̀wé yín ni, kì í ṣe olè.

Àdùkẹ́ Àjàṣẹ́: Olè kọ́ ni mo kọ́kọ́ ń bẹ̀rù. "Prix Kilo" ní àlàfo àti lẹ́tà ńlá, kúẹ́rì yóò fọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́. Lo format(), èyí tó ń bá ọ to ọ̀rọ̀ kúẹ́rì pọ̀, pẹ̀lú %I, òun ni yóò fi àmì " " yí orúkọ ká. Ṣùgbọ́n %I kò mọ ohun tó yẹ kí akọ̀wé rí. Bó bá yan nọ́ńbà fóònù àwọn àgbẹ̀ ńkọ́? Wò ó nínú information_schema.columns, níbi tí dátábéèsì ń to orúkọ kọ́lọ́ọ̀mù sí, bóyá orúkọ náà wà, kó o tún fi wé àwọn tí o fọwọ́ sí.

Bóyè Ṣábẹ̀ẹ́: Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti sọ ọjà àgbàdo di báǹkì.

Baálé Kóòdù: Ibà lẹ̀ ń tọ́jú, ẹ kò wo ẹ̀fọn. Kí ló dé tí ọjà tuntun á fi mú kọ́lọ́ọ̀mù tuntun wá? Ẹ sọ ọ́ di ìlà: ọjà, orúkọ, iye.

Àdùkẹ́ Àjàṣẹ́: Ẹ̀yin bàbá, gbogbo iye á di text, ọ̀rọ̀ lásán, nìyẹn. Ẹ tò ó wò, 1000 á ṣíwájú 250.

Bóyè Ṣábẹ̀ẹ́: Ó dáa, `to_jsonb(t) ->> $1::text` ńkọ́, èyí tó ń sọ ìlà di JSON, orúkọ pẹ̀lú iye rẹ̀, tó sì ń mú iye tí a dárúkọ jáde? Ó ti wà láti ẹ̀dà 9.5, ọdún 2016. Orúkọ ti di iye, $1 á gbà á.

Àdùkẹ́ Àjàṣẹ́: Ìyẹn dáa o, mo gbà fún ọ. Àmọ́ text náà ló ń dá padà, kò sì ní lo index, atọ́ka tó ń mú wíwá yára. Èyí tó burú jù: bí orúkọ kò bá sí, NULL, òfo, ló ń mú wá láìpariwo. Akọ̀wé á rò pé Pọbẹ̀ kò tà.

Baálé Kóòdù: Ẹ yí orúkọ padà nígbà tí fáìlì ń wọlé, kí "Prix Kilo" di "prix_kg". Tábìlì kékeré kan, tó so orúkọ tí ọjà kọ mọ́ orúkọ tiwa, ti tó fún un.

Ọmọ Aláketu: Màá ṣe ti Baálé fún owó àti ìwọ̀n. Èyí tó bá ṣẹ́kù, %I.

Bóyè Ṣábẹ̀ẹ́: Ta ni yóò máa kọ tábìlì kékeré yẹn nígbà tí ọjà tuntun bá dé? Ìwọ náà ni!