Owó náà ò pọ̀ jù

Ẹ̀yin oníròyìn, inú mi dùn sí ìròyìn yín nípa ẹ̀bùn Diller tí wọ́n ń fún àwọn ọ̀dọ́ Júù tó ń sin ìlú ní Amẹ́ríkà. Àwọn kan ní 36,000 dọ́là tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń gbà ti pọ̀ jù fún ọmọ ọdún 13 sí 19. Èmi ò gbà rárá! Ọmọ tó ń kó ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ lẹ́yìn ilé-ìwé láti bọ́ aláìní, iṣẹ́ àgbà ló ń ṣe. Wọ́n sì lè fi owó náà kàwé tàbí kí wọ́n fi mú iṣẹ́ náà gbòòrò. Tikkun olam ni àwọn Júù ń pe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ìyẹn títún ayé ṣe. Kódà, iye owó náà ní ìtumọ̀: 18 dúró fún “ìyè” lédè Hébérù, ìlọ́po méjì rẹ̀ sì ni 36. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá àwọn tó ti gbà á látọdún 2007 kàn fún wa.