Samsung kò kó tírélà kọ́ìnì lọ fún Apple

Kò sí oṣù tí ẹnì kan kì í jókòó sórí bẹ́ńṣì iwájú ìsọ̀ tí mo ti ń tún fóònù ṣe ní Ọláìyá, Òṣogbo, kó sì sọ ìtàn yìí fún mi bí ẹni pé ojú rẹ̀ ló ṣe. Wọ́n ní Apple gbé Samsung lọ sílé ẹjọ́ ní Amẹ́ríkà pé ó jí ọnà fóònù òun lò, adájọ́ ní kí Samsung san bílíọ̀nù kan dọ́là. Samsung ní kò burú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, tírélà 30 ti tò sẹ́nu ọ̀nà Apple, kọ́ìnì sẹ́ǹtì márùn-ún márùn-ún ló kún inú wọn dẹ́múdẹ́mú. Wọ́n ní òfin ò kúkú sọ irú owó tí èèyàn gbọ́dọ̀ fi san gbèsè. Ẹni tó ń sọ ọ́ á wá bú sẹ́rìn-ín, á pàtẹ́wọ́: "Ẹ̀gbọ́n, àwọn ará Kòríà yẹn mà gbọ́n o!"

Irọ́ ni. Mo ti sọ ọ́ títí ó fi sú mi, ni mo ṣe wá kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí, kí n lè máa fi ránṣẹ́ sí ẹni tó bá tún gbé e dé.

Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá ni wọ́n tún dá a sílẹ̀. Ọmọkùnrin kan gbé Galaxy, fóònù Samsung, wá kí n bá a pààrọ̀ bátìrì. Ó bá télọ̀ kan níbẹ̀ tí iPhone X tiẹ̀, fóònù Apple, já bọ́ láti orí ọ̀kadà, tí ojú rẹ̀ fọ́ yángá. Kò pẹ́ tí àwọn méjèèjì fi bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn lórí èyí tó níye lórí jù. Télọ̀ ní ẹjọ́ yẹn ló fi hàn gbangba pé ayédèrú iPhone ni Samsung. Ọmọkùnrin náà ní, "Ṣé ayédèrú ló ń fi tírélà san owó?"

Àlájà tó ń ta sìmẹ́ǹtì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ló dá sí i. "Ẹ̀ńjiníà, báwo ni kọ́ìnì yẹn ṣe wúwo tó?" Mo ní gíráàmù márùn-ún, bí ìjọba Amẹ́ríkà ṣe ń rọ ọ́ nìyẹn. Ló bá fa kakulétọ̀ rẹ̀ yọ, èyí tí eruku sìmẹ́ǹtì ti bo gbogbo nọ́ńbà orí rẹ̀ tó jẹ́ pé òun nìkan ló mọ ibi tí méje wà. Àpò sìmẹ́ǹtì kan, 50 kílò. Kọ́ìnì 10,000 ló máa wúwo tó bẹ́ẹ̀, owó wọn sì jẹ́ $500. Tírélà tó ń já ọjà fún un máa ń kó 600 àpò. Tírélà kan, $300,000. Tírélà 30, $9 mílíọ̀nù.

Ó wo ọmọ náà láti òkè délẹ̀. "Mílíọ̀nù mẹ́sàn-án nínú odidi bílíọ̀nù. Ọmọ mi, bóo bá jẹ mí ní bílíọ̀nù, tóo wá gbé mẹ́sàn-án wá tóo tún ń rẹ́rìn-ín, ààfin Àtáọ́ja ni èmi pẹ̀lú ẹ á jọ dé."

Ẹ jẹ́ ká kúkú ṣe é dé òpin. Bílíọ̀nù kan dọ́là jẹ́ 20 bílíọ̀nù kọ́ìnì, ìyẹn ẹrù àpò sìmẹ́ǹtì mílíọ̀nù méjì. Tírélà 3,334 ló máa kó o. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá gùn ní mítà 15, tí wọ́n sì to imú mọ́ ìdí, ìlà náà á gùn tó 50 kìlómítà. Èyí tó ṣíwájú á ti kọjá Iléṣà nígbà tí èyí tó kẹ́yìn ò tíì kúrò ní Òṣogbo. Ta ló sì fẹ́ kà á? Ẹni tó bá ń ka ẹyọ kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, láìsùn, láìjẹun, á lò ju 630 ọdún lọ.

Àwọn aláwàdà ní Mẹ́síkò, ìkànnì kan tó ń jẹ́ El Deforma, ló kọ ọ́ ní 2012. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa hun ìròyìn tí kò ṣẹlẹ̀ rí láti fi pa èèyàn lẹ́rìn-ín. Àwàdà náà kúrò ní èdè Sípéènì bọ́ sí èdè mìíràn, ẹ̀rín já bọ́ sọ́nà, "òótọ́ ni" nìkan ló bá a débí.

Ká tiẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ ìwúwo kọ́ìnì tì. Nígbà tí ìtàn yẹn ń jà ràn-ìn, Samsung ò tíì jẹ gbèsè kankan tó yẹ kó san. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹjọ 2012, jọ́rì, ìyẹn àwọn ará ìlú 9 tí ilé ẹjọ́ kó jọ ní San Jose ní California, ní kí Samsung san $1.049 bílíọ̀nù. Iye tí gbogbo ayé gbọ́ nìyẹn, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn sì ti dákẹ́ gbígbọ́. Ẹni tó bá ti ṣe ẹjọ́ ilẹ̀ rí ní Òṣogbo mọ̀ pé ọjọ́ tí wọ́n bá dá ẹjọ́ kọ́ lowó ń wọlé. Ní oṣù kẹta 2013, adájọ́ Lucy Koh yọ nǹkan bíi $450 mílíọ̀nù kúrò nínú rẹ̀, ó ní jọ́rì ò ṣírò owó àwọn fóònù kan bó ṣe yẹ, kí wọ́n lọ tún un ṣe. Ní oṣù kọkànlá, jọ́rì mìíràn fi $290 mílíọ̀nù rọ́pò rẹ̀. Ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn tún gé e ní 2015. Oṣù kejìlá ọdún yẹn ni Samsung tó gbà láti san $548 mílíọ̀nù, ó ju ọdún mẹ́ta lọ lẹ́yìn tí tírélà orí WhatsApp ti já ẹrù tán. Bó ṣe ń sanwó náà ló ń sọ pé òun ṣì máa gbà á padà.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù nìyí, ó sì ń dùn mí pé tírélà ò jẹ́ kí èèyàn gbọ́ ọ. Òfin Amẹ́ríkà ní ẹni tó bá jí ọnà ọlọ́nà lò gbọ́dọ̀ kó gbogbo èrè tó jẹ lórí ọjà tó ya ọnà náà sí fún ẹni tó ni ín. Kápẹ́ẹ̀tì ló fa òfin yìí. Láyé 1880 sí 1890, àwọn kan da ọnà kápẹ́ẹ̀tì ẹlòmíì kọ, ẹjọ́ dé Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ, owó ìtánràn tí wọ́n sì rí gbà kò ju sẹ́ǹtì mẹ́fà lọ. Sẹ́ǹtì mẹ́fà! (Ẹ ò rí i pé kọ́ìnì kan báyìí wà nínú ọ̀rọ̀ náà lóòótọ́.) Èyí bí àwọn aṣòfin nínú, wọ́n sì ṣòfin tuntun ní 1887 pé gbogbo èrè ni kí wọ́n kó sílẹ̀.

Àwa ọmọ ìlú aró, ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí yé wa ju ẹnikẹ́ni lọ. Bí ẹnì kan bá da ọnà àdìrẹ rẹ kọ, tó fi pa aṣọ láró, tó sì tà á, gba gbogbo èrè rẹ̀, nítorí ọnà yẹn ni oníbàárà rí tó fi ra aṣọ. Tó bá wá fi aṣọ náà rán àga inú mọ́tò ńkọ́? Ṣé èrè orí odidi mọ́tò lo máa gbà? Ohun tí Samsung ń bi ilé ẹjọ́ nìyẹn. Páténtì Apple, ìyẹn ẹ̀tọ́ tí ìjọba fún un pé òun ló ni ọnà náà, wà lórí ojú fóònù onígun mẹ́rin tí igun rẹ̀ rí róbótó, àti lórí bí àwọn áàpù ṣe tò sójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kámẹ́rà wà nínú fóònù, bátìrì wà níbẹ̀, ohun tó ń gbá nẹ́tíwọ́ọ̀kì mú wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ 6 oṣù kejìlá 2016, àwọn adájọ́ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ fohùn ṣọ̀kan pé "ọjà" tí òfin ń wí lè jẹ́ apá kan lásán lára fóònù, kò pọn dandan kó jẹ́ odidi. Wọ́n dá ẹjọ́ náà padà sísàlẹ̀. Ní oṣù karùn-ún 2018, jọ́rì mìíràn pe $539 mílíọ̀nù. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni àwọn méjèèjì parí ẹ̀ láàrin ara wọn, wọn ò sì sọ iye tí wọ́n fi parí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Télọ̀ náà sì ní tiẹ̀ láti gbọ́. Kò sí ilé ẹjọ́ tó pe Samsung ní ayédèrú iPhone. Àwọn nǹkan kan pàtó lára àwọn fóònù kan ni San Jose dájọ́ lé lórí. Ní Seoul, lọ́jọ́ 24 oṣù kẹjọ 2012 yẹn gan-an, ilé ẹjọ́ ní àwọn méjèèjì ló jí nǹkan ara wọn lò. Ti Lọ́ńdọ̀n ló pa mí lẹ́rìn-ín jù: ní oṣù keje ọdún náà, adájọ́ ní tábúlẹ́ẹ̀tì Samsung kò jọ iPad, nítorí kò gbáfẹ́ tó ti Apple. Ẹ wo irú àre tí Samsung jẹ!

Tó bá jẹ́ iye tí wọ́n ń tà á lórí tábìlì mi lẹ ń bi mí, ìlera bátìrì, bóyá wọ́n ti pààrọ̀ ojú rẹ̀ rí, bó ṣe gba nǹkan pamọ́ tó, àti iye tí dọ́là jẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ló ń pinnu rẹ̀. Kò tíì sí ẹni tó fi ẹjọ́ San Jose ná fóònù lọ́wọ́ mi.

Mo ti ń tú iPhone X yẹn bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀. Mo gbé ojú rẹ̀ tó fọ́ sókè, mo ní, "Télọ̀, ẹ wò ó. Nígbà tí Apple gbé èyí jáde ní 2017, Samsung ló ń bá wọn ṣe ojú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n pẹjọ́ ní 2011 pàápàá, Samsung ló ń bá wọn ṣe ọpọlọ inú iPhone."

Ó wo ojú fóònù náà, ó wo ọmọkùnrin tó ń fi ẹ̀rín pamọ́ sẹ́yìn ọwọ́. Ó bi mí ní iye tí ojúlówó máa jẹ́. Mo sọ fún un. Àlájà súfèé.

Télọ̀ rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ̀ńjiníà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ò ní kọ́pì?"