Ta ló ní orí ìlà x ni ṣóńṣó ellipse máa ń wà?

Fún ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ní ìdọ́gba ellipse (àwòrán bí òbìrìkìtì tí a fà gùn) yìí, x²/9 + y²/25 = 1, kí o ní kí wọ́n wá vertex (ṣóńṣó) rẹ̀. Wéré ni wọ́n á kọ (3, 0) àti (−3, 0). Wọ́n ti gbà pé nọ́ńbà tó wà lábẹ́ x² ni a², pé ọ̀tún àti òsì sì ni vertex máa ń wà. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ó máa ń dùn mí, torí àwòrán tí wọ́n kọ́kọ́ ń yà fún wa ló fà á: ellipse tó nà gbalaja sílẹ̀, àfi bíi pé kò sí èyí tó lè dìde dúró.

Vertex ni ibi méjì tó jìnnà sí àárín jù lọ lára ellipse, ìyẹn ṣóńṣó rẹ̀ méjèèjì. Jíjìnnà yẹn ni a. Nítorí náà, nọ́ńbà tó bá tóbi jù ni a², ì báà wà lábẹ́ x², ì báà wà lábẹ́ y². 25 ju 9 lọ, abẹ́ y² ló sì wà, torí náà òòró ni ellipse yìí dúró. (0, 5) àti (0, −5) ni vertex rẹ̀. Òótọ́ ni pé (3, 0) wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tó ti fún jù ló wà.

Ẹni tó bá ṣì ń jiyàn, kó wá focus rẹ̀, ìyẹn ibi méjì nínú ellipse tó jẹ́ pé, láti ibikíbi lára rẹ̀, àpapọ̀ jíjìnnà sí méjèèjì kì í yí padà. c² = a² − b²: c ni jíjìnnà focus sí àárín, b² sì ni nọ́ńbà kejì tí kì í ṣe a². Bó bá fi 9 ṣe a², −16 ló máa bá pàdé, kò sì sí nọ́ńbà gidi tí a fi ara rẹ̀ sọ di púpọ̀ tó lè jẹ́ −16. Bó bá fi 25 ṣe é, c á jẹ́ 4, focus á sì wà ní (0, 4) àti (0, −4). Ẹ wá wọ̀n ọ́n wò. Láti (0, 5) dé focus kan jẹ́ 1, dé èkejì jẹ́ 9, àpapọ̀ rẹ̀ 10. Láti (3, 0), 5 àti 5, 10 náà ni.

Ẹ ṣọ́ra fún 4x² + y² = 16 pẹ̀lú. 4 tó wà níwájú x² yẹn ń tanni jẹ. Ẹ fi 16 pín gbogbo rẹ̀, ẹ ó rí x²/4 + y²/16 = 1: òòró lèyí náà dúró.

Òmíràn tiẹ̀ wà tí kò dúró, tí kò sì sùn. x² + xy + y² = 1 fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni. (1, 0) wà lára rẹ̀, 1 péré ló sì fi jìnnà sí àárín. (1, −1) àti (−1, 1) ni vertex rẹ̀, tí wọ́n fi nǹkan bíi 1.41 jìnnà, kò sì sí ọ̀kankan nínú wọn tó wà lórí ìlà x tàbí ìlà y.