Ẹ Yé Fi Ìwàásù Tasha Bo Ìpinnu Picard Mọ́lẹ̀
Ó ń bí mi nínú gan-an pé nígbàkúùgbà tí àwa olólùfẹ́ Star Trek, eré tẹlifíṣọ̀n nípa ìrìn-àjò ojú òfuurufú, bá ń jiyàn lórí “Symbiosis”, ìpín rẹ̀ kan ti ọdún 1988, ìwàásù tí Tasha, olórí ààbò nínú ọkọ̀ òfuurufú Enterprise, ṣe fún ọ̀dọ́mọkùnrin Wesley nípa oògùn olóró nìkan ni gbogbo ẹnu máa ń dá lé. Lóòótọ́, ìwàásù náà ṣe gbọnrangandan jù. Ṣùgbọ́n àwọn ará pílánẹ́ẹ̀tì Brekka mọ̀ pé àìsàn àwọn ará pílánẹ́ẹ̀tì Ornara ti san tipẹ́, síbẹ̀ wọ́n ń ta felicium, oògùn tó ti di bárakú fún àwọn ará Ornara, fún wọn. Picard, ọ̀gá ọkọ̀ Enterprise, náà mọ̀, kò tú àṣírí. Ó kàn kọ̀ láti fún àwọn ará Ornara tí ara wọn ti gbọ̀n níwájú rẹ̀ nítorí àìrí oògùn náà ní ohun èlò tí wọn yóò fi tún ọkọ̀ òfuurufú tí wọ́n fi ń kó o ṣe. Ṣé ó tọ́ bẹ́ẹ̀? Èyí gan-an ló yẹ ká máa jiyàn lé lórí!