Ẹ wo ẹsẹ̀ ẹyẹ náà dáadáa

Ẹnìkan tún sọ ọ́ níbi ìsọmọlórúkọ kan ní Oakland lọ́sẹ̀ tó kọjá, bí a ṣe ń retí ìrẹsì: “Àwọn ará Japan tí Amẹ́ríkà kó sí àgọ́ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ìyà wo ni wọ́n jẹ? Ẹni tó ń jìyà á ráyè gbẹ́ ẹyẹ?” Ó rí àwọn iṣẹ́ ọwọ́ wọn lórí fóònù ni o. Ó ní wọ́n rẹwà.

Wọ́n rẹwà lóòótọ́. Àmọ́ ẹ wo ẹsẹ̀ àwọn ẹyẹ onígi tí wọ́n ń há mọ́ àyà aṣọ yẹn. Wáyà ni. Tí wọ́n bá kan nẹ́ẹ̀tì mọ́ fèrèsé tán, ìgékù etí rẹ̀ ni wọ́n ń ṣà nílẹ̀. Okùn àpò àlùbọ́sà ni wọ́n ń tú hun nǹkan. Ṣé bí ẹni tó ń gbádùn ṣe ń ṣe nìyẹn? Nígbà tí bàbá mi fi oṣù mẹ́ta sùn ní ọsibítù, fìlà ọmọdé mẹ́tàdínlógún ni ìyá mi hun lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Kò sẹ́ni tó kí i kú ìgbádùn.

Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń ra bàtà àwọn ọmọ mi ní Tanforan, ní San Bruno, kí n tó mọ̀ pé pápá eré ẹṣin ni ibẹ̀ ní 1942. Inú ilé ẹṣin ibẹ̀ ni wọ́n kó àwọn ará Japan yẹn sí, tìyátọmọ. Miné Okubo, ayàwòrán tí wọ́n bí sí California níbí, gbé ibẹ̀ pẹ̀lú arákùnrin rẹ̀. Wọn ò gbà kí wọ́n mú kámẹ́rà wọlé, ló bá ń yà á. Ó ní ṣe ni wọ́n kun ògiri ní funfun tòun ti irun ẹṣin àti òwú aláǹtakùn.

Láti Tanforan, wọ́n kó wọn lọ sí Topaz, àgọ́ kan ní aṣálẹ̀ Utah. Ní April 11, 1943, sójà tó ń ṣọ́ àgọ́ yìnbọn pa James Wakasa, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n kó síbẹ̀, ẹni ọdún 63, nítòsí wáyà ẹlẹ́gùn-ún. Ilé ẹjọ́ ológun dá sójà náà sílẹ̀. Níbo lèèyàn ti máa rí òdòdó nínú aṣálẹ̀? Àwọn obìnrin bá jókòó, wọ́n gé bébà, wọ́n fi ṣe òdòdó ìsìnkú. Òun náà rẹwà. Wọ́n gbé òkúta ńlá kan kalẹ̀ fún un, àwọn aláṣẹ ní kí wọ́n wó o, ni wọ́n bá rì í mọ́lẹ̀. Ọdún 2021 ni wọ́n tó hú u jáde.

Tó bá yá, ọ̀rọ̀ amí ni àwọn tó ń gbèjà àgọ́ yẹn máa ń sá dì, wọ́n á ní ẹ̀rù pé wọ́n lè ṣe amí fún Japan ló fà á. Ní Hawaii tí bọ́ǹbù Japan ti já gan-an, ìran Japan lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn ará ibẹ̀. Àwọn tí wọ́n tì mọ́lé ò tó 2,000. Ní etíkun ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà ńkọ́? Nǹkan bí 120,000, tó sì jẹ́ pé ọmọ bíbí Amẹ́ríkà ló pọ̀ jù nínú wọn.

Bóyá gbígbẹ́ igi tu ọkàn àwọn kan lára. Ó ṣeé ṣe.

Mo sọ ti òkúta yẹn fún ọkùnrin náà. Ó ní ìrẹsì ti dé.