Rélùwéè tó ń sáré dáa, àmọ́ kí wọ́n má fo Rẹ́mọ àti Ìjẹ̀bú o

Inú mi dùn bí mo ṣe kà á pé wọ́n fẹ́ náwó sórí rélùwéè tó ń sáré, àwọn tó ń pè é ní ìnákúnàá, ẹ wá dúró ní Ṣágámù láàárọ̀ Mọ́ńdè kẹ́ ẹ wo gósìlóò. Àmọ́ rélùwéè tí wọ́n ṣí ní 2021, Èkó sí Ìbàdàn, kìlómítà 157, Abẹ́òkúta ló gbà, kò kan Rẹ́mọ, kò kan Ìjẹ̀bú-Òde, bẹ́ẹ̀ ọ̀dọ̀ wa lọkọ̀ Orè àti Bìní ń gbà! Japan ti ṣe rélùwéè tó ń sáré tiwọn láti 1964, Tokyo sí Osaka, ibi térò pọ̀ sí gan-an ni wọ́n gbé e gbà. Ẹ jọ̀ọ́, kí wọ́n má lọ kọ́ stéṣọ̀n sínú igbó o, ẹ kọ́ ọ sítòsí ọjà.